Èédú nínú kòtò yangí bàbá mi

"Àjàní, èédú tí èèyàn lè gbé lọ sọ́jà kó tà, ìwọ fẹ́ lọ sin ín bí òkú?"

Ìyá Ìdènà ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú kòtò bàbá mi. Àbúrò bàbá mi ni. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, ibẹ̀ la ti mú orúkọ tí à ń pè é. Ó ti ta àkàrà rí, ó ti ta gàrí, ó ti ta èédú fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí ohun tó ń bí i nínú tó kí èèyàn fi ọjà ṣòfò. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n dán an wò ná." Ó ní, "Dán an wò. Ìwé tí o kà náà ló máa fún ẹ ní àgbàdo jẹ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí kòtò náà ṣe débẹ̀. Oko bàbá mi wà lẹ́yìn ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Lọ́dún tí wọ́n ń ṣe ọ̀nà yẹn, àwọn tó gba iṣẹ́ náà wá, wọ́n ní yangí tó wà lábẹ́ ilẹ̀ wa dára. Wọ́n bá àwọn àgbà ilé sọ̀rọ̀, owó díẹ̀ wọlé, katakata dé. Wọ́n kọ́kọ́ há ilẹ̀ òkè kúrò, ilẹ̀ tí bàbá mi ti ń ro láti ìgbà èwe rẹ̀, wọ́n wọ́ ọ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni gbálẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá ń wa yangí tó wà nísàlẹ̀ sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní àwọn á padà wá tún un ṣe. A ṣì ń retí wọn. Òkìtì ilẹ̀ òkè tí wọ́n wọ́ tì yẹn, ọ̀gbàrá ti kó o lọ tipẹ́. Bí ẹ bá ti gba ọ̀nà yẹn kọjá rí, ẹ ti fi táyà gun orí oko bàbá mi.

Kòtò náà jìn tó ìdúró èèyàn, ó sì fẹ̀ tó ibi tí àwọn ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà ọyẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ a le bí àpáàdì. O gbé ọkọ́ sókè, o sọ ọ́ kalẹ̀, iná a ṣẹ́, apá rẹ a sì gba ìyókù. Bí òjò bá dé, omi a dúró sínú rẹ̀ bí ọbẹ̀ nínú àwo, ọ̀pọ̀lọ́ a máa ké mọ́jú. Tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì tí òjò dá, oòrùn a fà á gbẹ, àpáàdì a tún padà dé. Èkan nìkan ló gbójú gbóyà wọ etí rẹ̀.

Ohun kan máa ń ṣe mí bí ẹ̀rín bí ẹkún nípa kòtò yìí. Àwa ará Kétu kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ gbígbẹ́. Yàrà tí àwọn baba wa gbẹ́ yí ìlú ká, kí àwọn ará Dàhòmì tó wá fọ́ ọ lọ́dún 1886, kòtò náà ni. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ tó ti inú yàrà jáde, odi ni wọ́n fi mọ. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti bù ú ló dúró sí, kò sẹ́ni tó rù ú lọ síbi kan.

Olùkọ́ ni mí ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo. SVT ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí àti ilẹ̀, torí náà mo rò pé mo mọ̀. Ní ìsinmi ńlá ọdún kan, mo ra ajílẹ̀ NPK, mo fi ẹ̀yìn zémíjàn, ọ̀kadà tiwa, gbé e dé oko, mo gbin àgbàdo sí igun kòtò kan. Ó hù. Ó ga tó ìgbọ̀nwọ́. Ó pọ́n. Ó kú.

Ohun tó mú yangí pupa ni ìpẹtà irin. Irin yìí, àti alumíníọ́ọ̀mù tó bá a gbé pọ̀, máa ń di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, oúnjẹ irúgbìn kan, mú bí ahun ṣe ń di owó mú. O lè da ajílẹ̀ sí i tó bó o ṣe fẹ́, díẹ̀ ni gbòǹgbò máa rí gbà. Ilẹ̀ náà tún kan, gbòǹgbò kì í sì í fẹ́ ìyẹn. Náítírójìn, oúnjẹ irúgbìn mìíràn, ní tirẹ̀ kò rí ohun tó máa dì í mú rárá, òjò ńlá kan tó rọ̀, ó bá omi lọ. Ní oko gidi, ewé tó ti jẹrà, gbòǹgbò tó ti kú, ekòló àti àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín tí ojú kò rí ló ń ṣe iṣẹ́ àpò: wọ́n ń gba oúnjẹ ilẹ̀ pa mọ́, wọ́n sì ń yọ ọ́ fún irúgbìn díẹ̀díẹ̀. Nínú kòtò wa, gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ti bá ilẹ̀ òkè lọ. Mo wá dà bí ẹni tó ń da omi sínú ajere, tó ń bú omi.

Ẹ̀yìn ilé Ìyá Ìdènà ni ojú mi ti là. Ààtàn rẹ̀ wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí obìnrin yìí ti gbá dànù láti nǹkan bí ogójì ọdún ló wà lórí rẹ̀: eérú, àfọ́kù èédú tó kù nídìí ààrò, èèpo ẹ̀gẹ́, eegun ẹja, ìgbẹ́ adìẹ, ìkòkò tó fọ́. Ìbẹ́pẹ kan dúró sórí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, èso rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn bí ọmú. Ata wà níbẹ̀ tó ga dé àyà mi. Mo mú igi, mo fi wa ilẹ̀ náà. Ó dúdú, ó rọ̀, ó ń tutù sọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ sì ni òjò kò tíì rọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, ó sì dúdú dé ibi tí apá mi dé. Èédú kéékèèké kún inú rẹ̀. Mo mú ọ̀kan, mo fi omi ṣàn án: gbòǹgbò ata tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ti gba inú rẹ̀ wọlé, ó ti apá kejì jáde.

Mo ti kà nípa irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ Brazil ni mo rò pé ó wà. Ní agbègbè odò Amazon, ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, òjò ti fọ gbogbo adùn rẹ̀ lọ, ó jọ tiwa gan-an. Síbẹ̀, àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tó dúdú kirikiri, tí irúgbìn ń ṣe dáadáa lórí wọn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ló fi èédú, eegun, ìkòkò fífọ́ àti ìdọ̀tí ilé ṣe é, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣáájú kí òyìnbó tó dé. Òmíràn ti lé ní 2000 ọdún, èédú inú rẹ̀ ṣì wà. Terra preta ni èdè Potogí ń pè é. Ẹ bi àwọn Àgùdà ní Àjàṣẹ́, ọmọ àwọn tó ti Brazil padà wá, àwọn tó ṣì mọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì nínú èdè náà, wọ́n á sọ fún yín pé ilẹ̀ dúdú ló túmọ̀ sí. Ilẹ̀dú. Orúkọ tí à ń pè é nílé kí n tó mọ ìwé. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ kan kọ̀wé pé irú rẹ̀ wà ní Làìbéríà àti Gánà náà, àti pé àwọn obìnrin ló ń ṣe é, pẹ̀lú eérú, èédú àti ìyókù ohun tí wọ́n ń sè. Mo ka ìyẹn fún Ìyá Ìdènà. Ó ní, "Ṣé wọ́n fún wọn lówó tí wọ́n fi lọ wò ó?"

Biochar ni orúkọ tí òyìnbó fún èédú tí a ṣe nítorí ilẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín, èédú náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé a kì í gé igi torí rẹ̀, ìdọ̀tí oko la fi ń ṣe é, a sì máa ń sun ún kó jinná gan-an, kí òróró èéfín má kù nínú rẹ̀. Ṣùkù àgbàdo ni tèmi. Lẹ́yìn ìkórè, òkìtì rẹ̀ máa ń wà káàkiri Kétu. Àwọn tó ń yan gàrí ń lò lára rẹ̀ fún ìdáná, n kì í bá wọn du tiwọn; èyí tó bá kù, tó ń dúró de iná lásán lóko, ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mo tún ń kó igi ẹ̀gẹ́ gbígbẹ mọ́ ọn, àti èèpo ẹkùrọ́ bí mo bá rí.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo gbẹ́ ihò tó rí bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo: ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mítà kan àbọ̀, ìdí rẹ̀ ṣóńṣó, ó jìn dé itan mi. Mo dáná sí ìdí rẹ̀, kì í ṣe iná ńlá. Bí ó bá ti ràn dáadáa, mo wọ́n ṣùkù lé e, ìpele kan péré. Ibi tí ọgbọ́n wà ni kéèyàn mọ ìgbà tí òun máa da èkejì. O máa tẹjú mọ́ ọn. Ṣùkù á kọ́kọ́ dúdú, á pọ́n bí ẹyin iná, lẹ́yìn náà etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hu eérú funfun, bí ewú ṣe máa ń kọ́kọ́ hù létí irun àgbàlagbà. Ìgbà tí ewú yẹn bá yọ ni kó o da òmíràn. Bó o bá yára jù, èéfín á bo oko. Bó o bá ń bá ẹni tó ń kọjá kí ìkíni Kétu, tí ẹ bá béèrè ìyàwó, ọmọ, iṣẹ́ àti ara àwọn àgbà tán, eérú lo máa kó nílé. Iná òkè ló ń jẹ gbogbo afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀, kì í jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ èyí tó wà nísàlẹ̀. Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé tìsàlẹ̀ á jinná láìjóná. Iná yẹn kan náà ló ń jó èéfín tán, torí náà bó o bá ń ṣe é dáadáa, èéfín díẹ̀ ni wàá rí.

Tí ihò bá kún, mo da omi sí i, kẹ́ẹ̀gì lórí kẹ́ẹ̀gì, ó a pariwo ṣàà, ooru rẹ̀ a sì lé mi sẹ́yìn. N kì í yára gbàgbọ́ pé ó ti kú. Lẹ́ẹ̀kan, mo kó o sínú àpò ní alẹ́, nígbà tí mo jí, àpò ti di ihò, èédú ti di eérú, díẹ̀ ló kù kí aká ẹnìkan bá a lọ. Bí ó bá tutù, mo mú un lọ́wọ́. Èyí tó jinná a fúyẹ́, a dún kẹ́kẹ́ bí àwo bó o bá fi kọ lu ara wọn, bó o bá sì fi omi lásán fọwọ́, dúdú rẹ̀ a bọ́. Èyí tó jẹ́ pé ọṣẹ ló máa bọ́ ọ, tó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọ̀rá, kò jinná. Ìyẹn padà sínú iná.

Ọdún àkọ́kọ́, mo pín igun kan sí abala mẹ́rin. Ọ̀kan, n kò fi nǹkan kan sí i. Èkejì, èédú nìkan, tí mo ti gún wẹ́wẹ́. Ẹ̀kẹta, ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti jẹrà. Ẹ̀kẹrin, èédú àti ìgbẹ́, tí mo pò pọ̀ lọ́jọ́ tí mo ń gbìn. Mo gbin àgbàdo sí gbogbo rẹ̀, mo padà sí Àjàṣẹ́ torí ilé ìwé ti wọlé. Nígbà tí mo fi máa padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, tí mo ti ti Ṣakẹ́tẹ́ àti Pobẹ́ kọjá nínú ọkọ̀ tó kún fọ́fọ́, Ìyá Ìdènà ti ṣáájú mi dé oko. Ó dúró sétí kòtò, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rín ni. Abala tí mo fi èédú nìkan sí burú ju èyí tí mi ò fi nǹkan kan sí. Ewé rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ̀kẹrin kò sàn ju ẹ̀kẹta lọ.

"Àjàní, èédú rẹ ti jẹ àgbàdo rẹ."

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ó tiẹ̀ péye ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe mọ̀ lọ. Èédú kì í ṣe ajílẹ̀. Bí ẹ bá gé e, tí ẹ wò ó lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, ihò ni gbogbo inú rẹ̀, bí afárá oyin. Ọ̀nà tí igi tàbí ṣùkù fi ń fa omi nígbà tó wà láàyè ló di ihò yẹn. Tí a bá tẹ́ gbogbo ògiri inú èédú igi tó jinná dáadáa sílẹ̀, gíráàmù kan ṣoṣo lè ju 100 mítà onígun mẹ́rin lọ. Ilé tó ní yàrá tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, bí ó bá ṣófo, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé á gba ibi tó bá wù ú. Náítírójìn díẹ̀ tó wà nínú kòtò, èédú mi ló fà á mọ́ra, àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ilé gbà náà jẹ tiwọn níbẹ̀. Kò kù fún àgbàdo. Èédú orí ààtàn Ìyá Ìdènà kò ṣófo rí: láti ọjọ́ tó ti kúrò nídìí ààrò ló ti bọ́ sáàárín èèpo ẹ̀gẹ́ àti ìgbẹ́ adìẹ.

Ọdún kejì, mo kọ́kọ́ bọ́ èédú yó. Mo kó o sínú ihò, mo fi ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ìgbẹ́ màlúù tí mo gbà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní lé e, ìpele ìpele. Mo ń da ìtọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, ìtọ̀ èèyàn, tí a fi omi là; kẹ́ẹ̀gì kan wà lẹ́yìn ilé, àwọn ọmọ ilé ló ń kún un, wọ́n sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní. Mo fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó fún oṣù kan, mo ń wọ́n omi sí i kó má gbẹ. Nígbà tí mo ṣí i, òórùn ìgbẹ́ ti lọ, òórùn tí ilẹ̀ máa ń ní lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ ló kù.

N kò tún fọ́n ọn káàkiri mọ́. Àwọn onímọ̀ máa ń sọ̀rọ̀ tọ́ọ̀nù 10 sórí hẹ́kítà kan, ìyẹn kílò kan sórí mítà onígun mẹ́rin. Ihò mi kan kò fi bẹ́ẹ̀ fún mi ju àpò díẹ̀ lọ, ẹ ṣírò rẹ̀ fún gbogbo kòtò. Ihò-ihò ni mo ń ṣe. Mo fi dígà fọ́ àpáàdì ìsàlẹ̀ kí omi lè rí ibi gbà wọlẹ̀, mo bu èédú tó ti yó ẹ̀kúnwọ́ méjì sí ihò kọ̀ọ̀kan, mo fi ilẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Mo gbin àgbàdo, mo gbin òtílì, mo tún gbin mukuna, ìbátan wérepè tí kì í yúnni, tí àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ Benin ti ń lò bọ̀ láti ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn láti fi pa èkan. Òtílì àti mukuna máa ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ fúnra wọn, mo nílò ẹni tó lè bọ́ ara rẹ̀ nínú kòtò yẹn.

Àgbàdo náà gbó. Orí rẹ̀ kéré, kò tó ti oko òkè, n kò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ ewé rẹ̀ dúdú, nígbà tí òjò sì dá fún bí ọjọ́ méjìlá, tí ti abala mìíràn ń ká jọ lọ́sàn-án bí ẹni tí inú ń run, èyí dúró. Mo gbẹ́ ìdí ọ̀kan wò, ekòló kan wà níbẹ̀. Ẹyọ kan. N kò mọ ibi tó gbà wọ inú kòtò náà. Mo fi ilẹ̀ bò ó padà kíá.

Àwọn tó kó àbájáde ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lọ́dún 2017 rí i pé ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, èédú máa ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin kún ìkórè, bí a bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní ilẹ̀ òtútù, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Kò yà mí lẹ́nu. Ilẹ̀ wọn kò kan tó tiwa, wọ́n sì ń da ẹfun sí i. Eérú tó wà lára èédú ló ń ṣe iṣẹ́ ẹfun fún wa, tó ń pẹ̀tù sí kíkan ilẹ̀, tí alumíníọ́ọ̀mù fi ń dẹwọ́ lára gbòǹgbò.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé lápá Atacora, ní àríwá Benin, bi mí bóyá òun lè ṣe irú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù nítòsí Perma. Mo ní kó rọra. Kòtò yangí ebi ló ń pa á; ibi tí wọ́n ti ń fi makiuri fọ góòlù, májèlé ló wà níbẹ̀. Ẹ rántí Zamfara lọ́dún 2010, bí òjé tó ti inú òkúta góòlù jáde ṣe pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Èédú lè di òjé mú nínú ilẹ̀ kí irúgbìn má fi bẹ́ẹ̀ rí i fà, ṣùgbọ́n kò lé e lọ, àwọn májèlé kan sì wà, bíi ásẹ́níìkì, tí èédú lè tú sílẹ̀ dípò kó dì í mú. Níbẹ̀, kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò ná, kí wọ́n sì gbin igi, kì í ṣe ẹ̀fọ́.

Ohun kejì tó ń kọ mí lóminú ni igi. Ẹ gba ọ̀nà Sàbẹ́ lọ sókè, ẹ wo àpò èédú tó tò létí títì, tó ń dúró de ọkọ̀ Kutọnu. Bí èèyàn bá tún gé igi torí àtitún kòtò ṣe, kòtò méjì ló gbẹ́ yẹn. Ìyá Ìdènà, tó ti ta èédú igi fún ọdún gbọọrọ, ló kọ́kọ́ sọ èyí fún mi, ó ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀, igi ayan ni wọ́n ń sun, nígbà tí òun máa fi ṣíwọ́, wọ́n ti ń sun ẹ̀ka máńgòrò.

Lọ́dún yìí, ihò tí mo ti fi èédú sí ti lé ní igba, òtílì ọdún tó kọjá sì ti ga jù mí lọ kó tó di pé ewúrẹ́ rí i. Ewúrẹ́ ta ni? Ewúrẹ́ Ìyá Ìdènà ni. Mo lọ bá a, mo kúnlẹ̀ kí n lè ráyè bínú dáadáa. Ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé kì í ṣe ìgbẹ́ wọn lo fi gbìn ín?" Lẹ́yìn náà ó ní kí n wá mú owó ẹ̀gún tí a máa fi sọgbà, pé òun máa yọ ọ́ nínú owó ata. Ata wo? Ó ní òun ti gbin ata sí ihò mẹ́tàlá nínú kòtò náà, láti oṣù kejì, nígbà tí mo wà ní Àjàṣẹ́.